Ẹ Wò Ó, Ẹ Kà Á, Ẹ Lọ Síbẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá kì í yé bi ara wa nígbàkígbà tí ìsinmi bá ti ń sún mọ́: kí ni ká ní kí àwọn ọmọ lọ wò, kí ni ká ní kí wọ́n lọ kà, ibo sì ni ká mú wọn lọ? Nígbà kan rí, ìdáhùn rẹ̀ kò le. Lónìí, ìbéèrè náà ti di ọ̀ràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà kan tó ní èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà tí yóò lò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òkè. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ọmọ tó wá láti agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. N kò ní fi gbogbo àkókò wa jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ kọ́ ọmọ ní ìṣirò rí mọ ohun tí ojú olùkọ́ ń rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun ìyanu tó wà níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta kan náà yìí ni èdè Yorùbá gun orí ẹ̀rọ dé ibi tí kò dé rí. Ní ọdún 2022 ni Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe àti Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyì Bándélé darí jáde lórí Netflix. Jagun Jagun tẹ̀ lé wọn ní 2023. Nígbà tó di 2024, House of Ga'a tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí dé, fíìmù Lísàbí sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Yorùbá ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, ayé gbogbo sì ń wò wọ́n. Ọmọ tí a ní kó gbé èdè ìyá rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọ kíláàsì ń gbọ́ èdè náà lálẹ́ lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ òfì, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú oríkì. Ohun tí ilé ìwé gbé sọnù, ilé ìṣeré ló ń he é.

Èyí dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò tíì tó mi. Èrò mi nìyí: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo àwọn fíìmù wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀kankan ní òun nìkan. Fíìmù kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ìwé tó bí i, tàbí ìwé tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ìwé náà sì ní ilẹ̀ tó ti hù jáde. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń yan ohun tí mo máa dárúkọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ọmọ bá wò ó tán, ọ̀rọ̀ Yorùbá mélòó ló kù sí i lẹ́nu tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Fíìmù tó bá dára lójú, tí kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, mo máa gbádùn rẹ̀ nílé mi, n kò ní mú un wọ kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹlẹ́ṣin Ọba, nítorí pé òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni mo sì ní ẹjọ́ jù lọ lórí.

Ìtàn náà ti dàgbà kí fíìmù tó bá a. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, olókùn-ẹṣin ọba gbọ́dọ̀ bá ọba lọ. Òyìnbó tó jẹ́ aláṣẹ ìjọba ní Ọ̀yọ́ nígbà náà kò gbà, ó ní kí wọ́n mú olókùn-ẹṣin náà kí ó má baà kú. Ọmọ rẹ̀ ló wá gba ipò bàbá, tó kú dípò rẹ̀. Láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Dúró Ládipọ̀ ti ṣe eré rẹ̀, Ọba Wàjà, ní ọdún 1964. Wọlé Ṣóyínká náà gbé e yẹ̀ wò nínú Death and the King's Horseman, tí a tẹ̀ jáde ní 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá wá yí eré Ṣóyínká sí Yorùbá ní 1994, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú Ṣóyínká yóò rí ọdún 1946 níbẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí ìtàn fi hàn pé ìparí 1944 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1945 ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ tó bá gbọ́n kò ní fojú fo èyí dá. Yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé akọ̀wé kóòtù yàtọ̀ sí òǹkọ̀wé eré.

Àǹfààní tó wà nínú kíka eré méjèèjì pọ̀ ni pé wọn kò dá ẹjọ́ náà bákan náà. Ládipọ̀ gbé ẹ̀bi púpọ̀ lé òyìnbó lórí: òun ló da ayé àwọn ènìyàn rú. Ṣóyínká kọ̀ jálẹ̀. Ó kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ eré òun di ìjà àṣà òyìnbó àti àṣà ènìyàn dúdú lásán. Lójú tirẹ̀, Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ ni kó lọ wo inú ọkàn ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ti jẹ ayé tó bẹ́ẹ̀, tó wọ aṣọ tó wù ú, tó jẹ oúnjẹ tó wù ú ní ọjà tó wù ú, tó tún wá rí ọmọge kan ní ọjọ́ tó yẹ kó kú, tó ní òun yóò fẹ́ ẹ, ṣé òyìnbó ló dì í mú ni, àbí ayé ló dùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀? Ìbéèrè tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè jiyàn lé lórí títí aago yóò fi lù nìyẹn. Mo ti rí i kí àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì dìde dúró nítorí rẹ̀.

Fíìmù náà yan ẹni tó tọ́ fún ipò Ẹlẹ́ṣin. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Ọdúnladé Adékọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ti rò pé kò ní lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbádùn ayé lójú gbogbo ènìyàn ni ipò náà ń fẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Brymo olórin ló ṣe Olóhùn-Iyọ̀. Ní ti Shaffy Bello tó ṣe Ìyálọ́jà, nígbà tó bá ń bá Ẹlẹ́ṣin wí, ẹ óò gbọ́ bí àgbà obìnrin Yorùbá ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bú ènìyàn. Kò ké, kò na ọwọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń gún ni.

Ẹjọ́ mi ni pé fíìmù náà kánjú. Nínú eré orí ìwé, Ẹlẹ́ṣin àti Olóhùn-Iyọ̀ lo ọ̀rọ̀ pẹ́ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń pa òwe, wọ́n ń kì, Ẹlẹ́ṣin ń pa ìtàn nípa bí olúkúlùkù ṣe ń sá fún ikú, tí ó sì ń ní kì í ṣe ilé òun ni ikú ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìran náà. Ó yẹ kí a gbọ́ bí Ẹlẹ́ṣin ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣẹ́gun ikú kí a tó rí bí ara rẹ̀ ṣe kọ̀. Fíìmù kò fún ọ̀rọ̀ ní àyè tó bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù kí òǹwòran má sùn. Òǹwòran Yorùbá kì í sùn nígbà tí wọ́n bá ń pa òwe. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka Ikú Olókùn-Ẹṣin lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí Ìṣọ̀lá ṣe níbẹ̀ ṣòro ju bí ènìyàn ti rò lọ: Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ọkàn Yorùbá rò, òun sì ni ẹni tó ń mú ọ̀rọ̀ náà padà wálé láti ìrìn-àjò. Ìran kan wà tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe lójú ara wọn, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ọjà ti ń sín Àmúsá ọlọ́pàá jẹ, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó tó ń gba àlejò. Báwo ni a ṣe ń yí ẹ̀gàn tí a fi ohùn òyìnbó sọ sí Yorùbá? Ẹ wá ìwé Ìṣọ̀lá, ẹ ka ibẹ̀ sókè, lẹ́yìn náà kí kíláàsì pín sí méjì, kí ìlàjì ṣe é lọ́nà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń ṣe sí fíìmù kí n tó lò ó, nítorí olùkọ́ kan bi mí. Mo gé páálí kan, mo fi bo ìsàlẹ̀ ojú amóhùnmáwòrán níbi tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọjá. Ní ìgbà àkọ́kọ́ àwọn ọmọ pariwo. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn! Àwọn ọmọ tó ń sọ pé àwọn ti wo fíìmù Yorùbá mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá ni wọ́n kà. Lẹ́yìn náà a dá a dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta máa ń gba odidi àsìkò ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ nínú wọn, wọ́n á gbé e lọ bá òbí tàbí àgbà àdúgbò, wọ́n á sì mú ìtumọ̀ wá ní ọjọ́ kejì. Ọmọ kan gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ìyá àgbà rẹ̀, ó padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ márùn-ún mìíràn tí a kò rán an.

Fíìmù tí páálí yìí wúlò fún jù ni House of Ga'a. Baṣọ̀run Gáà di agbára mú ní Ọ̀yọ́ láti bíi 1754 títí di 1774, ó sì rán ọba tó lé ní ẹyọ kan lọ sí ọ̀run kí Aláàfin Abíọ́dún tó rí ọgbọ́n dá sí i. Adébáyọ̀ Fálétí ti kọ eré rẹ̀, Baṣọ̀run Gáà, láti ọdún 1972. Bí ẹ bá rántí ìtàn náà, Gáà fẹ́ fi ẹran rúbọ, àgbọ̀nyín sì ni orúkọ ẹran náà. Dípò kí ó lọ wá ẹran nínú igbó, ọmọ ọba tó ń jẹ́ Àgbọ̀nyín, ọmọ Abíọ́dún, ni ó ní kí wọ́n mú. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ rò ó. Gbogbo ìkà tó wà nínú ìtàn náà rọ̀ mọ́ orúkọ kan tó ní ìtumọ̀ méjì. Ọkùnrin kan fi eré orí ọ̀rọ̀ gba ẹ̀mí ọmọ aláìṣẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pé òun kò rú òfin ẹbọ. Kò sí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè gbé ìyẹn kọjá ní ìsàlẹ̀ fíìmù ní ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan. Kò ní mọ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà fi ọ̀rọ̀ pa á.

Ìmúra, ààfin àti ẹṣin inú fíìmù náà dára, Fẹ́mi Branch sì gbé Gáà bí ẹni pé aṣọ rẹ̀ ni. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lójú mi ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìjòyè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti àwa tí a ń ra epo ní ẹ̀gbẹ́ títì lónìí. Fálétí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú eré tirẹ̀, ìjòyè kì í dáhùn ìbéèrè kí ó tó fi òwe la ọ̀nà fún un, Gáà pàápàá kì í bínú ní gbólóhùn kan. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń ráhùn pé ìwé náà le. Ó le lóòótọ́. Kí olùkọ́ má ṣe fún wọn kà nílé. Kí ó kà á sókè ní kíláàsì, kí ó pín àwọn ipò fún wọn. Ìwé kan ṣoṣo tó fún ogójì ọmọ bí wọ́n bá ń gbọ́ ọ.

Ẹ tún lè fi Gáà kọ́ wọn ní ètò ìjọba. Ọ̀yọ́ Mèsì ni agbára wà lọ́wọ́ wọn láti kọ ọba tó bá ń ṣe ìkà, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. A dá agbára yẹn sílẹ̀ kí ọba má baà di ẹkùn lórí ìlú ni. Gáà sọ ọ́ di idà ara rẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ fún ọmọ pé òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń fi ìgbìmọ̀ dá alágbára lẹ́kun, ó yẹ kí ó mọ ìtàn yìí, kí ó sì mọ bí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe lè bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ sí Ọ̀yọ́ nítorí Gáà: Ọ̀yọ́ tí Gáà gbé kọ́ ni Ọ̀yọ́ tí ọkọ̀ yóò gbé yín dé. Ọ̀yọ́-Ilé ti tú ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, ahoro rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún nínú igbó ọba tí ìjọba ń tọ́jú. Ọ̀yọ́ òní ni Àgọ́-Ọjà tí Aláàfin Àtìbà sọ di olú-ìlú tuntun. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn olókùn-ẹṣin ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú Ikú Olókùn-Ẹṣin dání lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ fi Gáà sílẹ̀ sílé.

N kò ní pẹ́ lórí Aníkúlápó. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wù mí púpọ̀: Sàró aláṣọ òfì tó wọ ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, àti ẹyẹ àkàlà tó jí òkú. Orúkọ ẹyẹ, orúkọ ohun èlò ìhunṣọ, ìkíni ààfin, gbogbo ìwọ̀nyí wà níbẹ̀ fún ọmọ tó bá fetí sílẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ràn rẹ̀ ti ṣe tán láti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, àkókò náà ni kí ẹ fi lé e lọ́wọ́. Eré alápá púpọ̀ tó tẹ̀ lé fíìmù náà ní 2024 gùn ju ìtàn rẹ̀ lọ lójú tèmi. Kí olùkọ́ sì kọ́kọ́ wo òun àti Ẹlẹ́ṣin Ọba ní òun nìkan, nítorí àwọn ìran kan wà nínú wọn tí kò yẹ kí a ṣí fún ọmọ ọdún méjìlá. Ní ti Jagun Jagun, àwọn ọmọkùnrin yóò wò ó bí ẹ bá fẹ́, wọn yóò sì wò ó bí ẹ kò bá fẹ́. Ọfọ̀ inú rẹ̀ dára. Ariwo idà ló pọ̀ jù.

Àyìnlá tí Túndé Kèlání ṣe ní 2021 yàtọ̀ sí gbogbo èyí, nítorí pé ayé tó sún mọ́ wa ló ń sọ. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ni wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980. Festus Adédayọ̀ ti kọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì nípa ayé rẹ̀, tó jáde ní 2020. Ohun tó mú mi dárúkọ fíìmù yìí ni ohùn Ẹ̀gbá tó wà nínú rẹ̀. Àwọn fíìmù ààfin ti ń jẹ́ kí ọmọ rò pé Yorùbá kan ṣoṣo ló wà, èyí tí wọ́n ń fi kí Aláàfin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tijú ohùn ilé rẹ̀ ní kíláàsì yẹ kó gbọ́ bí olórin kan ṣe fi ohùn ìlú rẹ̀ di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire mọ̀. Mo gbà pé orin Àyìnlá ní èébú nínú. Ìyẹn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún àwọn ọmọ àgbà, torí èébú Yorùbá ní òfin, ẹni tí kò bá mọ òfin náà ń pariwo lásán ni.

Mo ti dárúkọ Bíyì Bándélé. Ó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ẹni ọdún 54, oṣù kan kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi Ẹlẹ́ṣin Ọba han àwọn òǹwòran ní Toronto. Ìwé ìtàn àròsọ kan tó fi sílẹ̀, Yorùbá Boy Running, jáde ní 2024. Àjàyí Crowther ni ìtàn náà dá lé. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì rọrùn. Ọmọ tó wà ní ọdún ìparí ni mo lè gbé e fún. Ṣùgbọ́n ẹ ro ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Ní 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó tó ọdún mẹ́tàlá lẹ́rú ní Òṣoògùn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí tó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní 1822, wọ́n sì gbé e dé Freetown. Ní 1843, ọmọ yẹn tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí wọ́n já gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tún wá jókòó láti ka ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wá lẹ́tà fún un. Nígbà tí ọmọ bá ní ó sú òun láti fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún un, n kì í sì í fi ìyà kún un.

Ó ku ibi tí ẹ ó lọ. Ní Oníkàn, ní Èkó, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè wà níbẹ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Dókítà ni Randle, òun ló kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928 kí àwọn ọ̀dọ́ Èkó lè kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kí omi má baà gbé wọn lọ. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilé ìwé yín ní, níbẹ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì tún wọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sáré yí i ká. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ohun kan péré, kí ó dúró tì í fún ìdajì wákàtí, kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ní Yorùbá. Ibi tó bá ti sọnù nínú orúkọ, kí ó fi àyè sílẹ̀, kí ó wá a kún nílé. Mo fẹ́ràn igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà, èyí tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 2005, àmọ́ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún ni mo máa ń dámọ̀ràn. Ní ọjọ́ ọdún, ẹ̀yìn àwọn ènìyàn nìkan ni ọmọ kúkurú ń rí.

Ọjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde yàtọ̀. Ìyẹn, èrò ni ẹwà rẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, àwọn régbérégbé sì máa ń tò kọjá níwájú Awùjalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìdílé ológun á sì gun ẹṣin wọlé. Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, tí ọdún náà gba ògo lábẹ́ rẹ̀, wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025. Láti 2024, tí àwòrán ẹlẹ́ṣin kan tó mu sìgá ńlá tó sì wọ aṣọ òkè ti gba orí fóònù gbogbo ayé, àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ síbẹ̀ nítorí àwòrán. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí a bá ti rí wọn kó dé ibẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ló kù. Kí wọ́n ya àwòrán wọn tán. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá àgbà kan nínú régbérégbé kan, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó béèrè ohun tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn túmọ̀ sí àti ọdún tí wọ́n bí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Tí ó bá rí ẹlẹ́ṣin tó sọ̀kalẹ̀ láti simi, kí ó ní kí wọ́n kì í ní oríkì ìdílé wọn díẹ̀díẹ̀, kí òun lè máa kọ ọ́. Ohùn Ìjẹ̀bú ni wọn yóò fi kì í, kì í ṣe ti inú ìwé. Kí ó kọ ọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ, kí ó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà sì ni kí ó fi àmì ohùn sí i, nígbà tí ohùn bàbá náà ṣì wà létí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tí a bá wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ dìde láti kà á fún kíláàsì.